Ínkíríméǹtì Owó-Orí Ilé: Àpò Ta Ló Ń Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, òkèèrè ló ti wá. Ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹlòmíràn lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Chicago, nígbà tí owó oṣù tiwa kò tíì tó wa jẹun?" Ìdáhùn wa ni pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Níbi gbogbo ni ìjọba ti ń wá owó tí yóò fi tún àdúgbò tó ti gbó ṣe. Ọgbọ́n tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá sí i ti ń rìn káàkiri ayé. Irú ọgbọ́n náà wà lára ohun tí wọ́n fi rí owó ọ̀nà reluwé abẹ́ ilẹ̀ tó dé Battersea ní London, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021. Nítorí náà, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n kí ó tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Orúkọ ètò náà ni Tax Increment Financing. TIF ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ ínkíríméǹtì kò ṣàjèjì sí òṣìṣẹ́ kankan. Òun ni ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa fi kún owó oṣù wa lọ́dọọdún, tí a sì máa ń bá àwọn ọ̀gá fà á bí kò bá wá. TIF náà, ínkíríméǹtì ni, ṣùgbọ́n ti owó-orí ilé àti ilẹ̀ ni. Ìbéèrè tí a ń béèrè nípa ti owó oṣù náà ni kí a béèrè nípa rẹ̀: àpò ta ni ínkíríméǹtì yìí ń lọ?

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ní ilé tàbí ilẹ̀ ń san owó-orí lé e lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí iye tí dúkìá náà tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó mọ irú rẹ̀. Land Use Charge tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2001 jọ ọ́. Ní Chicago, ìjọba ìlú nìkan kọ́ ló ni owó-orí náà. Ilé-ìwé ìjọba ló ń mú ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀, bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ilé-ìwé ni ìjọba ìlú fúnra rẹ̀, ìjọba káúńtì, àwọn ọgbà ìgbafẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú, àti àwọn tó ń bójú tó omi ìdọ̀tí.

Bí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú bá fẹ́ tún àdúgbò kan ṣe, wọn yóò fa ìlà yí i ká lórí máàpù. Wọn yóò ṣírò iye tí gbogbo dúkìá inú ìlà náà tó ní ọdún yẹn. Iye yẹn ni ìpìlẹ̀, wọn yóò sì dè é mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, owó-orí tó bá ti orí ìpìlẹ̀ wá ni ilé-ìwé àti àwọn yòókù yóò máa pín. Ohunkóhun tó bá lé sí i, ìbáà jẹ́ nítorí ilé tuntun, ìbáà jẹ́ nítorí pé ilẹ̀ wọ́n sí i, inú àpò ọ̀tọ̀ ni yóò máa bọ́ sí. Ọdún 23 ni òfin Ìpínlẹ̀ Illinois fún irú àpò bẹ́ẹ̀. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì lè sún un dé ọdún 35.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é. Ká ní owó-orí 1,000,000 dọ́là ni àdúgbò kan ń mú wá lọ́dún tí wọ́n fa ìlà yí i ká. Lẹ́yìn ọdún 10, ó di 3,000,000 dọ́là. Ilé-ìwé àti àwọn yòókù yóò ṣì máa pín 1,000,000 ti àtijọ́. Àpò TIF ni yóò gbé 2,000,000 tó lé. Bí kò bá sí ìlà lórí máàpù, tí gbogbo owó náà sì wọlé bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé ì bá mú bí ìdajì nínú 2,000,000 yẹn.

Ẹ fi wé owó oṣù. Ká ní wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ lónìí, tí wọ́n ní iye tí o bẹ̀rẹ̀ sí gbà ni wọn yóò máa san fún ọ fún ọdún 23. Wọ́n ní ínkíríméǹtì rẹ ń bẹ, ṣùgbọ́n àpò kan ní ọ́fíìsì máníjà ni yóò máa wọ̀, kí máníjà lè fi tún ilé-iṣẹ́ ṣe, kí ó lè dára fún gbogbo wa lẹ́yìn ọ̀la. Ó lè rí bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n gààrí ọjà kò ní dúró sí iye kan fún ọdún 23, owó ilé-ìwé ọmọ kò sì ní dúró.

Kí ni wọ́n ń fi owó inú àpò náà ṣe? Wọ́n ń fi ṣe ọ̀nà títì àti gọ́tà. Wọ́n ń fi wó àlàpà, wọ́n ń fi tọ́jú ilẹ̀ tí kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ ti bà jẹ́, wọ́n ń fi kọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, wọ́n sì ń fi ran ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, ìlú yóò yá owó ńlá lónìí, yóò sì máa fi ínkíríméǹtì ọdún tó ń bọ̀ san gbèsè náà. Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ náwó, tí ìlú yóò sì máa san án padà fún un díẹ̀díẹ̀ bí owó-orí ṣe ń wọlé.

Òfin gbé ààlà kalẹ̀ o. Àdúgbò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ti bàjẹ́ tàbí tó ń lọ sí bíbàjẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ hàn pé bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní kó owó wá síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ààlà kejì yìí mú ṣinṣin. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà.

IBI TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀, ÀTI IBI TÍ WỌ́N TI FÒPIN SÍ I

Ìpínlẹ̀ California ni wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú ètò yìí, ní 1952. Illinois ṣe òfin tirẹ̀ ní 1977. Chicago dá àpò àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1984, ní àárín gbùngbùn ìlú. Láti ibẹ̀ ló ti bí sí i. Nígbà tó fi di 2022, àpò TIF ní Chicago ti lé ní 100, owó tó sì wọ inú gbogbo wọn lọ́dún yẹn lé ní 1 bílíọ̀nù dọ́là.

Ètò náà sú California tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 2010, bí 12 nínú 100 gbogbo owó-orí ilé ìpínlẹ̀ náà ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń tún àdúgbò ṣe. Ilé-ìwé kò sì lè ti ilẹ̀kùn, nítorí náà ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti máa fi owó tirẹ̀ dí àlàfo ilé-ìwé. Ní 2011, nígbà Gómìnà Jerry Brown, wọ́n ṣe òfin tó fòpin sí àwọn àjọ náà. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìpínlẹ̀ náà, ilé ẹjọ́ sì ti òfin náà lẹ́yìn. Ní oṣù Kejì 2012, àjọ bí 400 ni wọ́n tú ká. Ní 2014, California tún dá ètò tuntun tó jọ ti àtijọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ìpín ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ọdún 60 ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

FÈRÈSÉ, ILẸ̀KÙN ÀTI OWÓ ÌLÚ

Ẹ̀yin ti ilé-iṣẹ́, ẹ fetí sí èyí. Erékùṣù kékeré kan wà láàárín odò ní Chicago, Goose Island ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Republic Windows and Doors ti ń ṣe fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ní 1996, ìlú gbà láti fi owó TIF tó tó nǹkan bí 10 mílíọ̀nù dọ́là ran ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ láti ní ilé tuntun síbẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa kúrò ní ìlú. Ohun rere ni. Òṣìṣẹ́ wo ni yóò ní kí wọ́n má ṣe é?

Ní ìparí 2008, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé wọ́n ń kó ẹ̀rọ jáde. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ilé-iṣẹ́ sọ fún wọn pé ọjọ́ 5 ni iṣẹ́ yóò parí. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe ní 1988, ní kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 60. Owó ọjọ́ 60 kò sí. Owó ìsinmi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún kò sí. Àwọn ọ̀gá ní báǹkì ti fọwọ́ sẹ́yìn, kò yá àwọn lówó mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí wọ́n lé ní 200, wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní UE, ẹ̀ka 1110. Wọn kò lọ sílé. Wọ́n jókòó sínú ilé-iṣẹ́, wọ́n pín ara wọn sí ṣíìfù, wọ́n ní àwọn kò ní jáde títí wọn yóò fi rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, Bank of America àti JPMorgan Chase gbà láti gbé 1.75 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀: owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, owó ìsinmi, àti owó ìtọ́jú ìlera fún oṣù méjì.

Kí ni a rí kọ́ níbẹ̀? Owó ìlú ti di bíríkì àti kọnkéré. Bíríkì kò lè san owó ìsinmi fún ẹnikẹ́ni. Ilé tí owó-orí ràn lọ́wọ́ ṣì dúró sórí erékùṣù, iṣẹ́ ló ń lọ. Ohun tó gba àwọn òṣìṣẹ́ là lọ́jọ́ náà ni òfin ọjọ́ 60, àti ìdí wọn tí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́. Ìtàn náà kò sì parí síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn rà á ní 2009, òun náà fẹ́ tì í ní 2012, àwọn òṣìṣẹ́ sì tún jókòó síbẹ̀. Nígbà tó di 2013, díẹ̀ nínú wọn ti para pọ̀ ra ẹ̀rọ, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀, New Era Windows.

Ọ̀NÀ RELUWÉ, ÀTI ÌPÍN ILÉ-ÌWÉ

Ẹ̀yin ti ìrìnnà, tiyín rèé. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ibi nìkan ló wà nínú TIF. Ọ̀nà reluwé tó gba ìhà àríwá Chicago, apá kan rẹ̀ ti tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó yẹ kí wọ́n tún un kọ́, owó kò sì tó. Ní 2016, Illinois ṣe òfin tuntun tó gba ìlú láàyè láti dá àpò TIF sílẹ̀ fún ìrìnnà nìkan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ aṣòfin Chicago dá ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ̀nà reluwé yìí. Iye tí wọ́n fojú sí láti inú rẹ̀ ni 622 mílíọ̀nù dọ́là, ìjọba àpapọ̀ sì fi tirẹ̀ tì í. Afárá reluwé tuntun tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ Belmont bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Ibùdókọ̀ mẹ́rin tí wọ́n tún kọ́ ṣí ní 2025.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni bí wọ́n ṣe kọ òfin náà. Nínú àpò ti ìrìnnà yìí, ilé-ìwé ìjọba ni yóò kọ́kọ́ mú ìpín rẹ̀ pé pérépéré, bí ẹni pé kò sí ìlà lórí máàpù rárá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pín èyí tó kù: 80 nínú 100 fún ọ̀nà reluwé, 20 fún àwọn yòókù tó ń gba owó-orí. Ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe. Òfin tó gba ínkíríméǹtì ọmọ ilé-ìwé, ènìyàn ló kọ ọ́. Òfin tó fi í sílẹ̀ fún un, ènìyàn náà ló kọ ọ́.

Ní oṣù Kejìlá 2022, wọ́n dá irú àpò náà sílẹ̀ fún fífa ọ̀nà Red Line gùn sí ìhà gúúsù, láti òpópónà 95 dé òpópónà 130. Wọ́n fojú sí 959 mílíọ̀nù dọ́là láti inú rẹ̀. Agbègbè ìhà gúúsù yìí jìnnà, ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń gbé ibẹ̀, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún reluwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n fa ìlà sí: wọ́n fà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà reluwé tó ti wà tẹ́lẹ̀, nítòsí àárín ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti ń wọ́n. Owó ibi tó ń là ni wọn yóò fi gbé ọ̀nà lọ bá ibi tí kò là.

ÀWÍJÀRE ÀWỌN TÓ FẸ́RÀN TIF

Àwọn tó fẹ́ràn TIF ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní ínkíríméǹtì tí a ń sunkún rẹ̀ kì bá tí wáyé rárá bí kò bá sí TIF. Wọ́n ní a kì í pín ẹran tí ọdẹ kò tíì pa. Níbi tí ilé ti di àlàpà, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ kó owó wá, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ní 2006, Chicago fa ìlà TIF yí agbègbè LaSalle ká, láàárín àwọn ilé gogoro tí báǹkì àti àwọn oníṣòwò ńlá wà. Ta ni yóò sọ pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó owó wá síbẹ̀? Bí ẹran bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ilé, ọdẹ wo ló tún ń béèrè itan?

Wọ́n tún ní ilé-ìwé kì í pàdánù ohun gbogbo, nítorí pé ó lè gbé iye owó-orí sókè lórí àwọn dúkìá tó kù, níwọ̀n bí òfin bá gbà á láàyè. Òótọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn onílé yòókù ní gbogbo ìlú ni yóò san àlékún yẹn. Onílé yóò sì yí i lu ayálégbé. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé yàrá kan kì í rí ìwé owó-orí, ṣùgbọ́n ó ń rí i nínú owó ilé.

Owó sì ń sùn nínú àwọn àpò náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Chicago ti ń pariwo pé kí wọ́n tú èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ sí fún iṣẹ́ kankan sílẹ̀. Ariwo náà so èso. Nínú ètò-ìnáwó 2025, ìlú tú 570 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ láti inú àwọn àpò TIF, ilé-ìwé sì mú nǹkan bí 311 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá pariwo, ta ni ì bá rántí ọmọ ilé-ìwé?

OHUN TÍ ẸGBẸ́ GBỌ́DỌ̀ BÉÈRÈ

Bí irú ètò yìí bá dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ mìíràn ni yóò gbé wá. Wọ́n lè pè é ní àtúnṣe ìlú, wọ́n lè pè é ní ìrànlọ́wọ́ fún ilé-iṣẹ́. Ẹ má bá orúkọ jà. Ìbéèrè mẹ́rin yìí ni kí ẹ gbé dání lọ.

Èkíní: ínkíríméǹtì ta ni ẹ fẹ́ mú? Kí wọ́n ka àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ lónìí fún wa, lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé-ìwé, ọsibítù, ọ̀nà, panápaná. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí ìpín rẹ̀ kò ní dín.

Èkejì: ṣé lóòótọ́ ni ẹnikẹ́ni kò ní wá bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́ yìí? Kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Kí ẹ̀rí náà má sì ti ọwọ́ ẹni tí owó náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́ wá.

Ẹ̀kẹta: iṣẹ́ mélòó, fún ọdún mélòó, ní owó oṣù wo? Bí ilé-iṣẹ́ bá kó ẹ̀rọ lọ kí àkókò tó pé, èló ni yóò dá padà? Owó ìdádúró òṣìṣẹ́ ńkọ́, níbo ni wọ́n fi í pamọ́ sí? Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ní ẹ̀dà ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin: ọjọ́ wo ni àpò náà yóò tì, ta ni yóò sì máa ka ìṣirò rẹ̀ fún aráàlú lọ́dọọdún? Àpò tí kò ní ọjọ́ títì, àpò olúwa rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kò sọ pé kí ìlú má tún ara rẹ̀ ṣe. Àwa ni à ń gun bọ́ọ̀sì jákujàku, àwa ni à ń rìn nínú ẹrẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, àwa ni à ń gbé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí kò ṣàn. Kò sí ẹni tó fẹ́ àtúnṣe jù wá lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé lápá kan, iṣẹ́ wa ló ń mú kí ilẹ̀ wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tí a ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ àti ọkọ̀ tí a ń wà ló ń mú èrò wá sí àdúgbò. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín èlé rẹ̀, kí wọ́n fi àga sílẹ̀ fún wa nídìí tábìlì.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́rin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín àti gáréèjì yín, ẹ jíròrò lé e lórí, kí ẹ sì mú èrò yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.